Ojú Ìyá Mi ní Pápá Eré Kaàtì

Ohùn ni mo fi ń rántí ọdún náà. Òun ni ọdún tí àwọn mọ́tò eré ìje inú tẹlifíṣọ̀n pàdánù ohùn wọn. Kó tó di ìgbà yẹn, bí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé lọ́jọ́ Àìkú, ariwo wọn a gba gbogbo ilé wa kan ní àdúgbò Clondalkin, ní Dublin, débi pé àwọn abọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù, èyí tí àwa ọmọ ń pè ní press bí àwọn ọmọ iléèwé wa ti ń pè é, a máa dún wọnwọn. Bàbá mi a gbé ìrẹsì rẹ̀ lé orúnkún, a di ojú méjèèjì, a sì máa sọ ẹ́ńjìnnì tó ń kọjá fún wa bí ẹni ń dá ohùn àwọn ará ilé mọ̀. Ṣùgbọ́n lọ́dún yẹn, wọ́n ti yí ẹ́ńjìnnì padà, wọ́n fi bátìrì kún un kí mọ́tò má baà máa jẹ epo jù. Eré ìje àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, ohun tó jáde láti inú tẹlifíṣọ̀n sì jọ ohùn ẹ̀rọ ìfọṣọ wa. Bàbá mi gbé ṣíbí sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ gbọ́ nǹkan tí wọ́n ṣe! Wọ́n ti gé e lóhùn." Ìyá mi dáhùn láti ìdí síńkì pé, "Ọlọ́run ṣeun. Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ọ ni orí ti ń fọ́ mi." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, àfi bàbá mi.

Èmi náà ti di ìyá ọmọ báyìí, Adamstown ni mò ń gbé, ẹ̀gbẹ́ ibùdókọ̀ ojú irin. Ọmọ mi ọkùnrin a máa wo eré mọ́tò oníná lórí fóònù, bí ẹni ń gbọ́ ohùn yànmùyánmú. Kò mọ̀ pé nǹkan yí padà, nítorí pé ìgbà tí gbogbo rẹ̀ ti yí padà tán ni wọ́n bí i. Láàárín ọdún mẹ́wàá tí mo fi dàgbà, ojú mi ni wọ́n ṣe fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ ṣe ààbò yí orí awakọ̀ ká, ojú mi ni bátìrì ṣe wọlé, ojú mi náà ni kámẹ́rà ṣe dé orí gbogbo mọ́tò, tó fi jẹ́ pé bí méjì bá kọlura lónìí, wọn yóò kàn tún un wò ni. Bàbá mi máa ń sọ pé eré ìje ńlá ni ẹ̀gbọ́n, eré ìje kékeré ni àbúrò: aṣọ tí ẹ̀gbọ́n bá wọ̀ lónìí, yóò pẹ́ kó tó kan àbúrò. Àbúrò ni àwa. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, kámẹ́rà kò tíì kan pápá eré kaàtì tiwa. Ojú àwọn alásíá, ìyẹn àwọn tó ń fi àsíá darí eré láti kọ́nà kọ́nà, àti ẹnu awakọ̀ ni wọ́n fi ń dájọ́.

Kaàtì, fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, ni mọ́tò kékeré tí kò lórí tí kò lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí ìdí awakọ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi Dámi ló ń wà á. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, ó ga, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ nílé. Iṣẹ́ àtúnṣe ọkọ̀ agbẹ́rù ni bàbá wa ń ṣe ní Ballycoolin, àtijọ́ ló sì ti jẹ́ mẹkáníìkì kó tó kúrò nílé, nítorí náà ṣẹ́ẹ̀dì ẹ̀yìnkùlé wa kì í ṣe ibi tí wọ́n ń kó kẹ̀kẹ́ sí bíi ti àwọn aládùúgbò. Ibẹ̀ ni kaàtì wà. Láàárọ̀ Sátidé, bí mo bá ń gbálẹ̀ pálọ̀, mò ń gbọ́ tí sípánà ń bọ́ lulẹ̀, tí bàbá mi ń sọ pé, "Dámi, mú púlọ́ọ̀gì wá, kì í ṣe ìyẹn," tí Dámi sì ń dá a lóhùn pé, "It's grand, Daddy, I have it." Òórùn epo tí wọ́n pò mọ́ bẹntiróòlù a wọlé, a dàpọ̀ mọ́ ti àlùbọ́sà tí ìyá mi ń dín, títí dòní bí mo bá gbọ́ òórùn méjèèjì pọ̀, ebi ló ń pa mí.

Ìyá mi kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá. Ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí wọ́n fi orí ṣèṣe nínú ìjàǹbá ló ti ń ṣiṣẹ́. Ó máa ń fi ṣíbí bọ́ ọmọkùnrin kan tó jẹ́ pé alùpùpù ló gbé e ṣubú, ọmọ náà kò sì rántí orúkọ ara rẹ̀. Bó bá ti ibẹ̀ dé, tó bá àṣíborí Dámi lórí tábìlì oúnjẹ, yóò fi aṣọ bò ó, á ní, "Ẹ gbé nǹkan yìí kúrò níwájú mi." Ṣùgbọ́n kò lè dá wọn dúró, pàápàá lọ́dún yẹn, nítorí pé Dámi wà ní ipò kejì nínú gbogbo àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀, ẹgbẹ́ eré mọ́tò kan sì ti sọ pé láàárín àwọn tó bá ṣáájú nígbà tí eré ọdún bá parí ni àwọn yóò ti mú ẹnì kan, kó wá máa wa mọ́tò eré gidi fún àwọn. Kò sí ohun mìíràn tí ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ láyé. Bó bá ń jẹun, ọwọ́ rẹ̀ a máa yí sítíárìn tí kò sí níbẹ̀.

Mo gbọ́dọ̀ sọ bí ìyá mi ṣe ń ṣàkóso wa, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ojú ló fi ń ṣe é. Bí a bá lọ kí ènìyàn ní Tallaght, tí wọ́n gbé jọ́ọ̀sì àti bísíkíìtì wá, ojú ìyá wa la ó kọ́kọ́ wò kí ọwọ́ tó gbéra. Bó bá ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, a lè gbà á. Bó bá la ojú kalẹ̀, tí kò ṣẹ́ ẹ, ó túmọ̀ sí pé má gbà á, a ó sì sọ pé, "A ti yó, ẹ ṣé mà," bí ebi tilẹ̀ ń pa wá. Ìgbà tí a bá ń tọrọ àṣẹ nìkan la lè wò ó bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ìbáwí ló dé, ilẹ̀ ni ojú rẹ gbọ́dọ̀ wà, ọwọ́ lẹ́yìn, ẹnu ní pípa dé, títí àgbà yóò fi sọ tirẹ̀ tán. Ẹni tó bá gbójú sókè gbọ́ èyí tó gbọ́: "O ń wò mí lójú? Èmi àti ìwọ ń jà ni?" Dámi ló gbọ́ràn jù nínú wa. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì a máa yìn ín, wọ́n á ní ọmọ tí wọ́n tọ́ ní Dublin, tó dà bí ẹni pé ilé ni wọ́n ti tọ́ ọ.

Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ ṣẹlẹ̀, òjò ti rọ̀ dá. Mo di wáyà ọgbà mú, mo sì rí i, kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Dámi àti ọmọ kan tí wọ́n ń pè ní Cillian jọ wọ kọ́nà tó kẹ́yìn. Dámi wà nínú, ó ti bá a dọ́gba, táyà iwájú rẹ̀ ti dé ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ Cillian. Cillian yí sítíárìn sí i bí ẹni pé kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Táyà gun orí táyà, kaàtì Cillian fò, ó yí po, ó lọ lu àwọn táyà tí wọ́n tò sí ẹ̀bá ọ̀nà. Wọ́n ju àsíá pupa. Gbogbo ẹ́ńjìnnì kú lẹ́ẹ̀kan náà, mo sì gbọ́ igbe ọmọ náà kedere. Eegun èjìká rẹ̀ ló dá. Mo ń wá Dámi, mo rí i tó bọ́ sílẹ̀ tó ń sáré lọ sọ́dọ̀ Cillian, tí wọ́n tì í sẹ́yìn.

Wọ́n pè é síwájú àwọn adájọ́ eré lọ́sàn-án ọjọ́ náà gan-an. Bàbá mi bá a wọlé, ṣùgbọ́n òfin wọn ni pé awakọ̀ fúnra rẹ̀ ni yóò sọ tẹnu rẹ̀. Òbí lè jókòó, kò gbọdọ̀ lanu. Àwọn mẹ́ta ni, àgbàlagbà pátápátá, olórí wọn ni Ọ̀gbẹ́ni Brendan, onírùngbọ̀n funfun. Ó bínú, ọmọ ti ṣèṣe. Ó bi Dámi pé kí ló rò tó fi fi kaàtì gbá ẹlòmíràn. Ẹ̀gbọ́n mi sì ṣe ohun tí wọ́n kọ́ ọ láti kékeré. Ó kó ọwọ́ sẹ́yìn, ó wo ilẹ̀, ó dákẹ́. Ọkùnrin yẹn tún un bi. Dámi tún tẹrí ba sí i. Ọ̀gbẹ́ni Brendan wo àwọn yòókù, ó ní ẹ rí i fúnra yín, ọmọ náà kò lè wo èèyàn lójú. Wọ́n fagi lé eré rẹ̀ ti ọjọ́ náà, wọ́n sì ní kó padà wá síwájú àwọn kí àwọn pinnu bóyá àwọn yóò gba láísẹ́ǹsì rẹ̀. Bí wọ́n bá gbà á, ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ tó fẹ́ mú awakọ̀ ti parí nìyẹn.

Ilé wa dákẹ́ lẹ́yìn náà, ìdákẹ́ tó ń dẹ́rù bà mí. Kò sí sípánà, kò sí òórùn epo. Bàbá mi a jẹun tán, a jókòó sínú mọ́tò níwájú ilé láìlọ síbì kankan. Màmá Ìbàdàn, ìyá bàbá mi, tó wá lo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn lọ́dọ̀ wa, ń rìn láti yàrá dé yàrá, ó ń bi wá pé, "Ta ló kú?" Ìyá mi ní tirẹ̀ ń kọrin nínú kíṣìnnì. Ó sọ ọ́ jáde pé àdúrà òun ló gbà, ọmọ òun yóò gbé orí rẹ̀ bọ̀ ní pípé. Inú bí mi sí i. Mo fẹ́ sọ fún un pé mo rí i, pé Dámi kò jẹ̀bi, ṣùgbọ́n ọmọdé ni mí, àbúrò ni mí, ta ni yóò gbọ́?

Bàbá mi ló sọ ọ́, lórí tábìlì, bí ẹni tí kò fẹ́ sọ ọ́. "Mummy Dámi, ọmọ yẹn kò jẹ̀bi. Kò dáhùn ni. Ó ń wo ilẹ̀."

Orin dúró. Ìyá mi nu ọwọ́ mọ́ ìró. "Kí ló dé tí kò dáhùn?"

Dámi wo inú abọ́ rẹ̀. "They were older men, Mummy. And the man was giving out to me. What was I supposed to do?" Giving out ni wọ́n ń pe bíbá ènìyàn wí níbí.

Ìyá mi jókòó. Mi ò rí i kó jókòó láàárín sísè oúnjẹ rí. Bàbá mi ló kọjú sí nígbà tó sọ̀rọ̀. Ó ní nígbà tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ dé orílẹ̀-èdè yìí, níbi iṣẹ́ tí òun kọ́kọ́ rí, arúgbó kan já bọ́ láti orí bẹ́ẹ̀dì. Kì í ṣe òun ló wà níbẹ̀. Ọ̀gá obìnrin, tó dàgbà ju òun lọ, pe òun, ó ń pariwo. "Mo wo ilẹ̀," ni ìyá mi wí. "Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kúnlẹ̀. Ó ní, 'Ẹ wò ó, ojú ń tì í.' Wọ́n ní kí n má padà wá mọ́." Bàbá mi kò gbọ́ èyí rí. Ìyá mi dìde, ó pa gáàsì. Ó ní, "Wọn ò ní fi èyí gba nǹkan lọ́wọ́ ọmọ mi. Bó bá máa fi kaàtì sílẹ̀, èmi ni mo máa ní kó fi í sílẹ̀."

Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó gbé àga méjì kọjú síra ní kíṣìnnì, dòdò wà lórí iná. Ó ní kí Dámi jókòó. Ó ní òun ni Ọ̀gbẹ́ni Brendan.

"Ìwọ lo gbá ọmọ yẹn, àbí ìwọ kọ́?"

Dámi wo ilẹ̀.

"Wò mí lójú."

Ó gbé ojú sókè, ó kan àgbọ̀n ìyá wa, ó dúró síbẹ̀. "Ṣé àgbọ̀n mi ló ń bá ọ sọ̀rọ̀ ni? Mo ní ojú!" Mo di ilẹ̀kùn fíríìjì mú. Nínú ilé yìí! Màmá Ìbàdàn gbọ́, ó yọjú. "Kí lẹ ń kọ́ ọmọ yìí? Ṣé kó máa ranjú mọ́ àgbà bíi jàǹdùkú ni?" Ìyá mi ní, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́ mà. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbí ni." Ó tún kọjú sí Dámi. "Mo ní ìwọ lo jẹ̀bi. Sọ fún mi pé irọ́ ni mò ń pa."

"Mummy, I can't."

"Sọ ọ́!"

Ojú wọn ṣe mẹ́rin. Dámi ní, "You're wrong, Mummy. It's not true." Màmá Ìbàdàn kígbe, "Yéè!" ó sì pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. Mo rí ọwọ́ ọ̀tún ìyá mi tó dìde fúnra rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ òsì mú un, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lórí itan. Dòdò ti jóná. Ó ní, "Tún un sọ." Dámi kò lè tún un sọ. Omi ti kún ojú rẹ̀, ó ti wo ilẹ̀ padà, gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn sì ni wọ́n fi ṣe é, tí kò tún kọjá àgbọ̀n.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n pè wá, Màmá Ìbàdàn gbé ọwọ́ lé Dámi lórí, ó gbàdúrà gùn títí bàbá mi fi ń fọn fèrè mọ́tò. Nígbà tó ṣe àmín tán, ó fi oríkì pè é, ó ní, "Àkànní, bó bá jẹ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn, wò wọ́n. Ṣùgbọ́n bí o bá ti délé, kí o kó ojú rẹ sílẹ̀ o." Dámi fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò rí i rín.

Yàrá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá ni, òórùn tíì àti ti aṣọ òjò tútù ló wà níbẹ̀. Àwọn mẹ́ta yẹn jókòó sẹ́yìn tábìlì gígùn. Cillian wà lápá kan pẹ̀lú bàbá rẹ̀, wọ́n ti fi aṣọ gbé apá rẹ̀ kọ́ ọrùn. Àga méjì wà lẹ́yìn Dámi fún àwọn òbí. Bàbá mi jókòó sí ọ̀kan, ó gbé mi sí ẹ̀gbẹ́. Ìyá mi kò jókòó. Ó wo àga náà, ó wo Dámi, ó wo Ọ̀gbẹ́ni Brendan. Lẹ́yìn náà ó rìn yí tábìlì po, ó lọ sí ẹ̀yìn àwọn adájọ́, níbi tí kẹ́tùlù wà, ó fa àga kan tó wà níbẹ̀, ó jókòó. Ọ̀gbẹ́ni Brendan yíjú padà, ó bi í bóyá kò ní fẹ́ jókòó ti ọmọ rẹ̀. Ìyá mi ní, "I'm grand here, sir, thank you." Ó gbé báàgì rẹ̀ lé itan. Bàbá mi wò mí, mo wo bàbá mi. Kò yé wa.

Ọ̀gbẹ́ni Brendan bẹ̀rẹ̀. Kò pariwo lọ́tẹ̀ yìí, ìyẹn gan-an ló burú. Ó ka ohun tí alásíá sọ, ó ní ẹ̀yìn ni alásíá ti wò ó, kò rí i dáadáa. Ó ní, "Ọmọ, ìwọ lo fa ìjàǹbá yìí?" Dámi kó ọwọ́ sẹ́yìn. Orí rẹ̀ ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, mo ń wo ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ tó ń tẹ̀. Ọkùnrin tó wà lápá òsì mí kanlẹ̀, ó mú bírò. Mo ń sọ ọ́ nínú mi pé, Dámi, jọ̀ọ́, Dámi, jọ̀ọ́. Kẹ́tùlù ń dún wọ́ọ́.

Dámi ṣe ohun tí gbogbo wa máa ń ṣe bí a bá dé ibi tí a kò mọ ohun tó yẹ ká ṣe. Ó wá ojú ìyá wa. Mo rí i tí orí rẹ̀ gbéra. Ìyá wa kò sí lẹ́yìn rẹ̀, iwájú ló wà, gẹ́rẹ́ lókè èjìká Ọ̀gbẹ́ni Brendan, ẹni tó bá sì fẹ́ rí ojú rẹ̀, àfi kó wo ọkùnrin yẹn gan-an. Ó ti la ojú méjèèjì kalẹ̀. Kò ṣẹ́ ẹ. Mo mọ ojú yẹn. Òun ló fi gba bísíkíìtì lọ́wọ́ wa ní gbogbo Tallaght. Má gbà á, ni ojú náà ń wí. Má gbà á.

"No," ni Dámi wí. Orí rẹ̀ kò sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Ó ní òun ti bá a dọ́gba kí wọ́n tó wọ kọ́nà, ó sọ ibi tí táyà òun wà, ó sọ ìgbà tí òun tẹ bíréèkì, ó ní òun kò ríbi sá sí. Ó sọ ọ́ dé òpin láìwo ilẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Brendan fi ọwọ́ pa irùngbọ̀n, ó sì kọjú sí Cillian. Cillian wo bàbá rẹ̀, ó ní òótọ́ ni pé òun kò rí i títí táyà fi kan táyà. Wọ́n ní ká bọ́ síta. Nígbà tí wọ́n pè wá wọlé, wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò jẹ̀bi, eré ìje ló fà á, kí Dámi máa mú láísẹ́ǹsì rẹ̀ lọ. Ọ̀gbẹ́ni Brendan na ọwọ́ sí i láti bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Dámi kò tètè mú un. Ó tún wo ìyá mi. Ìyá mi ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, Dámi sì gba ọwọ́ náà.

Ẹ̀gbọ́n mi kò di awakọ̀ ńlá. Ó ṣe ipò kẹrin nínú eré tó kẹ́yìn ọdún, ẹlòmíràn ni wọ́n mú, ó sọkún nínú ṣẹ́ẹ̀dì, lẹ́yìn náà ó dìde. Grange Castle ló ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, nínú ilé ńlá tí kọ̀ǹpútà ti ń dún láìsinmi, bàbá mi sì ní ohùn ibẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti mọ́tò eré ìwòyí. Bí mo bá rí i tí ọmọ mi ń wo eré lórí fóònù, tí wọ́n ń tún ìkọlù kan wò láti apá gbogbo, mo máa ń rò pé ó dára bẹ́ẹ̀, kò sí ọmọ tí wọ́n máa fi wíwo ilẹ̀ dá lẹ́bi mọ́. Síbẹ̀, bí kámẹ́rà bá ti wà lọ́jọ́ yẹn, ìyá mi ì bá jókòó sórí àga tí wọ́n gbé sẹ́yìn Dámi fún un.

Nígbà tí a jáde, òjò tún ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá mi sáré lọ ṣí mọ́tò. Dámi dúró níwájú ìyá mi, ó ti ga jù ú lọ díẹ̀ lọ́dún yẹn, ó wò ó lójú, kì í ṣe àgbọ̀n, ojú gan-an, ó sì sọ ọ́ ní Yorùbá, òun tí kì í sọ ọ́ fún wa: "Mummy, ẹ ṣé." Mo ń retí kí ìyá mi ní, "O ń wò mí lójú?" Mo ti fẹ́ rẹ́rìn-ín sílẹ̀ dè é. Ìyá mi di báàgì rẹ̀ mú mọ́ àyà, ó sì wo ilẹ̀.